Ọwọ́ Tí Vern Nà Sókè

Ní Wirrandale, ìlú wa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bààlù ológun, kò sẹ́ni tí kì í gé ọ̀rọ̀ sí méjì. O lè bá obìnrin méjì lẹ́nu géètì, kí ọ̀kan máa sọ pé, "Dókítà yẹn wò mí lójú, ó ní—" kó sì pa ẹnu mọ́ lójijì, kó na àtẹ́lẹwọ́ sókè. Èkejì náà á dákẹ́. Bààlù ológun á gba orí òrùlé kọjá, àwọn ife á máa gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ajá á sá wọ abẹ́ tábìlì, títí ariwo náà á fi lọ sí ọ̀nà òkun. Obìnrin yẹn á wá sọ ọwọ́ kalẹ̀. "—ó ní kí n dín iyọ̀ kù." Ọ̀rọ̀ parí. Kò sẹ́ni tó bínú, kò sẹ́ni tó bèèrè pé kí ló dé. Ọmọ ìlú wa tó bá lọ gbé ní ìlú ńlá Adelaide, wọ́n á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀ pé kí ló ń dúró dè.

Bí ọ̀rọ̀ ò bá sì ṣeé dá dúró ńkọ́? Ẹnu là ń wò. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní Wirrandale, ojú náà ló wà lóòótọ́. Kí ọmọ wa tó mọ ìwé kà, á ti mọ ẹnu kà.

Ibi báyìí ni Vern Tregilgas ti di adití, tí ẹyọ ẹnì kan ò sì mọ̀!

Ó kọ́kọ́ rò pé kẹ́tù ló bàjẹ́. Kẹ́tù ilé wọn máa ń súfèé bí omi bá hó, àfi bó ṣe dákẹ́ lọ́jọ́ kan. Vern sọ fún Dulcie ìyàwó rẹ̀ pé kí wọ́n kúkú ra òmíràn.

Dulcie wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ aláwàdà. "Kẹ́tù wo? Èyí tó ń han mọ́ mi létí yìí?"

Vern rẹ́rìn-ín bíi pé eré ló ń ṣe. Ọjọ́ náà ló mọ̀. Lẹ́yìn kẹ́tù ni ẹyẹ dúdú-funfun tó máa ń kọrin lórí òpó iná láàárọ̀ lọ. Lẹ́yìn ẹyẹ ni ohùn ọmọdé lọ, lẹ́yìn náà ni ti obìnrin, lẹ́yìn náà ni ti gbogbo ènìyàn. Ohun tó kù fún un kò ju ohùn ńlá tí ń gba ilẹ̀ wá lọ: bààlù. Ìyẹn kì í tiẹ̀ gba etí wọlé mọ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń gbà, á gun orúnkún, á wá jókòó sí igbá àyà rẹ̀. Kò sì yani lẹ́nu. Gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló fi tún ẹ́ńjìnnì àwọn bààlù yẹn ṣe lẹ́yìn wáyà tó yí pápá bààlù ká, nígbà tí fífi nǹkan bo etí ṣì jẹ́ ìwà ojo lójú àwọn ọkùnrin. Ó fi etí rẹ̀ tọ́ wọn dàgbà, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí kò sọ? Nítorí Perce Quigley ni.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ̀rọ̀ kílọ́ọ̀bù. Eré bọ́ọ̀lù orí koríko ni ẹ̀sìn kejì ní Wirrandale, àwọn mìíràn á ní òun gan-an ni àkọ́kọ́. Àwọn àgbà tó wọ funfun láti fìlà dé bàtà á máa yí bọ́ọ̀lù dúdú wúwo lórí koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ bí irun ológun, kó lè lọ sún mọ́ ọmọ bọ́ọ̀lù funfun kan ní òpin pápá lọ́hùn-ún. Ẹni tí tirẹ̀ bá sún mọ́ ọn jù ló jẹ máàkì. Bó bá di ìdíje ẹnì kan sí ẹnì kan, ẹni kẹta gbọ́dọ̀ lọ dúró ti ọmọ bọ́ọ̀lù yẹn, torí ẹni tó ń yí bọ́ọ̀lù jìnnà, ojú rẹ̀ ò lè rí ibẹ̀ dáadáa. Adúrótì yìí ni ojú àwọn méjèèjì. Kò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan bí wọn ò bá bi í. Bí wọ́n bá sì bi í, ohun tí wọ́n bi í ló gbọ́dọ̀ dáhùn, kò gbọdọ̀ bù lé e, kò gbọdọ̀ bù kúrò. Bí bààlù bá ń bọ̀, òun náà ló ń na ọwọ́ sókè kí eré dúró; bí bààlù bá sì pọ̀ jù láti dúró dè, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bi í, ọwọ́ náà ló fi ń dáhùn.

Iṣẹ́ yìí ni Vern ń ṣe. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ bọ́ọ̀lù yí. Bó bá yí i, kòtò etí pápá ló ń wọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá di ìdúrótì, kò lẹ́gbẹ́! Ó ń dúró bí òpó, kì í gbè sẹ́nìkan, bó bá ní bọ́ọ̀lù rẹ jìnnà ní ìbú àtẹ́lẹwọ́, o kò ní láti mú okùn wá wọ̀n ọ́n. Ọwọ́ Perce Quigley ló ti gba iṣẹ́ náà. Perce lọ ra ẹ̀rọ etí tí adití fi ń gbọ́ràn. Bí wọ́n ṣe rí ẹ̀rọ náà létí rẹ̀ báyìí, wọ́n fi ẹ̀rín músẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa bá wọn yí sọ́séèjì lórí iná. Ìyẹn ò tiẹ̀ burú. Ohun tó dẹ́rù ba Vern ni pé láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó bá Perce sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ń bi. "Ṣé Perce máa mu tíì? Ṣé Perce ń gba ṣúgà?" Perce á sì jókòó síbẹ̀ bí àga, ojú rẹ̀ méjèèjì là sílẹ̀ kedere. Vern rí i, ó sì bá ara rẹ̀ sọ ọ́: tèmi ò ní rí bẹ́ẹ̀.

Ó sì rí i ṣe! Ọdún ń gorí ọdún. Nínú ìlú tí gbogbo ènìyàn ń kọjú sí ara wọn, tí wọ́n ń la ẹnu gbàgà, tí wọ́n ń dúró kí ariwo lọ, adití kan lè gbé ayé rẹ̀ bí ọba.

Àfi ìgbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ tún ọ̀nà tí bààlù ń sáré lórí rẹ̀ ṣe. Wọ́n kó gbogbo bààlù lọ sí ìhà àríwá, ó di ìgbà tí ọ̀dà tuntun bá gbẹ.

Ìdákẹ́rọ́rọ́ wọ Wirrandale! Ìlú yípadà bí ẹni mutí. Àwọn ènìyàn ń gbọ́ aago ara ògiri tí wọ́n ti ní láti ìgbà ìgbéyàwó. Wọ́n ń gbọ́ pé géètì aládùúgbò ń ké. Wọ́n gbọ́ pé dùùrù ìjọ Lútérù ò dún dáadáa, kò sì dún dáadáa rí. Ẹ̀yin ará mi, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ohùn sílẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ láti yàrá kan sí èkejì. Wọ́n ń kẹ́yìn síni sọ̀rọ̀! Ohun tí ẹnì kan ò ṣe rí ní ìlú wa, gbogbo wọn ń ṣe é, inú wọn sì ń dùn bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìrìn.

Vern wọ gàù.

Ó lọ ra sọ́séèjì. Alápatà kọ ẹ̀yìn sí i, orí rẹ̀ wà nínú fìríìjì ńlá, ó ń bi í ní nǹkan. Vern ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó gbé ẹ̀dọ̀ màlúù odindi délé, Dulcie sì kórìíra ẹ̀dọ̀ ju ìgbẹ́ adìẹ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ń fọ ìdọ̀tí ojú wíńdò nígbà tó rí ọ̀dọ́kùnrin kan tó so ọkọ̀ ojú omi kékeré onípáànù tí Vern fi ń pẹja mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, tó ń fà á lọ.

"Dulcie! Dulcie! Ta ló ń gbé ọkọ̀ mi lọ yẹn?"

Dulcie jáde, ó ń fi épúrọ́ọ̀nù nu ọwọ́. "Ọmọ Schubert ni. Ṣebí mo bi ẹ́ lánàá. Mo wà níbi tí mo ti ń fọṣọ, mo ní, 'Vern, o ò gbé ọkọ̀ yìí jáde mọ́, ṣé kí n fi ta ọmọ Schubert lọ́rẹ?' O ní, 'Bó o bá ṣe fẹ́, olùfẹ́ mi.'"

"Èmi? Mo ní olùfẹ́ mi?"

"Ó tiẹ̀ ya èmi náà lẹ́nu. Mo ní ọkùnrin yìí mà ti ń gbọ́n o."

Vern dúró síbẹ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ fi kọ kọ́nà. Kí ló fẹ́ sọ? Bó bá ní òun ò gbọ́, ó tán. Ó ní, "Ọmọ dáadáa ni." Ó padà sídìí wíńdò.

Ohun kan ṣoṣo ló ń tù ú nínú: bààlù á ti dé kí ìdíje àṣekágbá kílọ́ọ̀bù tó bẹ̀rẹ̀. Bí bààlù bá ti dé, ayé á padà sí bó ṣe wà. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ọ̀dà á ti gbẹ nígbà náà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ọ̀dà lọ bàjẹ́! Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn ilé búrẹ́dì pé ẹ má bínú, ẹ ṣì máa fara da ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ sí i. Àwọn ènìyàn kà á, wọ́n pàtẹ́wọ́. Vern kà á, ó tún un kà.

Ó kúkú gbìyànjú láti yẹ iṣẹ́ ìdúrótì náà sílẹ̀. Àwọn méjì tó kù nínú ìdíje ni Wal Dutschke àti Marivic Dumlao. Wal ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé kó tó fẹ̀yìn tì, ó sanra, ó lariwo, ó ti dé ìdíje àṣekágbá nígbà púpọ̀ tí kò gbé ife náà délé lẹ́ẹ̀kan. Marivic, nọ́ọ̀sì ilé àwọn arúgbó, ọmọ Filipíìnì ni. Ìlú Whyalla ló ti kó wá, ọ̀sẹ̀ tí bààlù lọ gan-an ló sì kó dé. Wirrandale tó dákẹ́ yìí nìkan ni Wirrandale tó mọ̀. Ní kílọ́ọ̀bù wa, àwọn méjì tó fẹ́ díje ló ń fẹnu kò lórí adúrótì. Wọ́n jọ wá bá Vern.

"Tregi," Wal ló sọ ọ́, "ìwọ la fẹ́."

"Orúnkún mi ń dùn mí, Wal."

"Ṣé orúnkún lo fi ń wo bọ́ọ̀lù ni?"

Marivic fọwọ́ kan apá Vern jẹ́ẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Kuya Vern. Gbogbo ènìyàn ló ní ẹ kì í ṣègbè." Kuya ni àwọn ará ilé rẹ̀ ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin.

"Ẹ̀gbọ́n kẹ̀?" Wal bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹni yìí ti darúgbó nígbà tí wọ́n ń dá òkun sílẹ̀!"

Vern rí gbogbo ẹ̀ lẹ́nu wọn. Ó wo ojú méjèèjì. Báwo lèèyàn ṣe ń kọ irú èyí? Ó ní òun gbà.

Ọjọ́ àṣekágbá, oòrùn mú bí iná alágbẹ̀dẹ. Gbogbo kílọ́ọ̀bù jókòó sábẹ́ ìbòòji, bíà tútù lọ́wọ́ àwọn kan, mítì-páì lọ́wọ́ àwọn mìíràn. Dulcie wà nídìí tábìlì tíì, ó ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì kéékèèké. Perce Quigley ń yí sọ́séèjì. Lẹ́yìn igi ọgbà, lójú títì, àwọn típà ń gbé ọ̀dà gbígbóná lọ sí pápá bààlù, bí ọ̀kan ṣe ń lọ ni òmíràn ń bọ̀, torí iṣẹ́ ti pẹ́ jù.

Ó kọ́kọ́ dùn bí oyin. Ẹnu Wal dà bí ilẹ̀kùn gáréèjì: bó bá ti ṣí, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lo máa rí. "Tregi! Mélòó ni mo fi kọjá?" Vern á la ọwọ́ díẹ̀. "Ṣé tèmi ló sún mọ́ ọn?" Vern á ní rárá. Wal á gbá itan ara rẹ̀. Marivic náà, ètè rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó mọ́ lójú. Vern bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Wọ́n ń jẹ máàkì, wọ́n ń gba máàkì, ọ̀kan ò fi bẹ́ẹ̀ ju èkejì lọ.

Nígbà tó yá, oòrùn yí sí ẹ̀yìn àwọn tó ń yí bọ́ọ̀lù. Eruku típà ń fẹ́ wá. Marivic fa aṣọ funfun tó wé mọ́ ọrùn sókè, ó fi bo imú àti ẹnu, ó fa fìlà rẹ̀ onígbòòrò wálẹ̀. Ojú tó jẹ́ ọ̀rọ̀ fún Vern di òjìji.

Ó rí i pé aṣọ yẹn mì. Marivic ti bi í ní nǹkan.

Vern sún sí ọ̀tún, bíi pé ó fẹ́ wo ibòmíràn. Òjìji. Ó sún sí òsì. Òjìji. Aṣọ náà tún mì lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo ènìyàn ń dúró dè é. Ó ro ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń bèèrè nírú àkókò yẹn: báwo ni bọ́ọ̀lù tí mo yí kẹ́yìn ṣe jìnnà tó? Ó la ọwọ́ méjèèjì, ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ kan.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí Marivic bèèrè ni, "Ṣé tèmi ló sún mọ́ ọn jù?" Tirẹ̀ ni! Èyí tó kọ́kọ́ yí sún mọ́ ọmọ bọ́ọ̀lù débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí ọwọ́ tí wọ́n là sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó rò pé Wal ló wà níwájú. Ó mú bọ́ọ̀lù rẹ̀ tó kù, ó fi gbogbo agbára yí i láti fi tú wọn ká. Ó tú wọn ká lóòótọ́. Bọ́ọ̀lù tirẹ̀ tó dára jù ló gbá sínú kòtò.

Abẹ́ ìbòòji mí kanlẹ̀. Vern ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó rí i bí èjìká wọn ṣe wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wal ló jẹ máàkì, tó pọ̀. Wal ò sì yọ̀. Ó ń wo Vern láti òkèèrè, ó gbé ọwọ́ léjú, bí ẹni tó ń wo mọ́tò tó mọ̀ tí ń dún lódì.

Ojú ń ti Vern. Ó ṣe é, ó ti ba eré ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ó ní òun ò ní jẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀. Òun á la ojú sí i. Òun á ṣọ́ra. Àsìkò tó ń ro gbogbo ìyẹn ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gun orúnkún. Ó jókòó sí igbá àyà.

Vern ò ronú. Ta ló ń ronú sí irú ìyẹn? Ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, àtẹ́lẹwọ́ síta, kí eré dúró.

Marivic ti tẹ̀ba láti yí bọ́ọ̀lù. Wal di ìgúnpá rẹ̀ mú.

Vern rí ẹnu wọn. Marivic ti fa aṣọ wálẹ̀. Ó ní, "Kí là ń dúró dè?"

Wal ní, "Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n Vern na ọwọ́."

Ẹ wò ó! Gbogbo ènìyàn ló dákẹ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gé e sí méjì. Ẹni tó fẹ́ gé mítì-páì jẹ dá eyín dúró. Dulcie di ọ̀bẹ bọ́tà mú lófuurufú. Ẹnikẹ́ni ò béèrè, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ṣe láti kékeré, wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n ń dúró kí ó kọjá.

Vern náà gbé ojú sókè. Sánmà mọ́ gaara bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Lórí òpó iná, ẹyẹ dúdú-funfun kan bà, ẹnu rẹ̀ là, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń mì, ó ń kọrin. Ẹyẹ kì í kọrin bí bààlù bá ń bọ̀. Ẹyẹ ń sá ni.

Ó yí orí díẹ̀. Lẹ́yìn igi ọgbà, eruku dìde, típà ọlọ́dà kan ń kọjá lọ jẹ́jẹ́, òun ló ń mi ilẹ̀.

Áà.

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Ó lè sọ ọ́ kalẹ̀, kó ṣe bíi pé oòrùn ló ń fi bojú. Irọ́ kò wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ń jẹ irú rẹ̀ bọ̀ látọjọ́ kẹ́tù. Ó wo Marivic tó dúró gbọnin pẹ̀lú bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ́wọ́, tí kò mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè, tó sì ń dúró nítorí pé wọ́n sọ fún un pé Vern kì í ṣègbè. Ó wo Perce nídìí sọ́séèjì.

Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó rìn la orí koríko já, láti òpin kan dé òpin kejì. Adúrótì kì í ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì.

"Mi ò gbọ́ràn," ó ní.

"Kí lo wí?" Wal bi í.

"Mo ní mi ò gbọ́ràn, Wal. Etí mi ti di. Ó ti pẹ́." Ó yíjú sí Marivic. "Ohun tó o bi mí lẹ́ẹ̀kan yìí, mi ò rí ẹnu rẹ, mo kàn méfò ni. Tìẹ ló sún mọ́ ọn jù. Èmi ni mo jẹ́ kó o fọwọ́ ara rẹ gbá a nù. Ẹ pe ẹlòmíràn. Ẹ pe Bernie."

Bernie ni alága kílọ́ọ̀bù, ó ti ń dìde bọ̀ lábẹ́ ìbòòji. Marivic bo ẹnu. Wal wo pátákó máàkì. Ó wà níwájú níbẹ̀, ó wà níwájú dáadáa, ife tó ti ń sá fún un ní gbogbo ayé rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó wo Bernie tó ń bọ̀. Ó wo Vern, ó wá la ẹnu gbàgà, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tóbi bí ilé:

"Bernie gbọ́ràn, kò ríran. Kí n lọ fi adití tó ríran ṣe pàṣípààrọ̀ afọ́jú tó gbọ́ràn? Ṣé orí mi dà rú ni?"

"Wal, mi ò ṣàwàdà."

"Ta ló ń ṣàwàdà? Bí bààlù bá wà lókè, ta ló ń gbọ́ràn nílùú yìí? Ṣebí a ń ṣe eré wa." Ó yí sí Marivic. "Màmá, gbé bọ́ọ̀lù yẹn kalẹ̀, wá kẹ́kọ̀ọ́. Bí bààlù bá ń ké lórí wa, ọwọ́ la fi ń béèrè. Fọwọ́ kan àyà: 'Ṣé tèmi ni?' La apá méjèèjì: 'Báwo ló ṣe jìnnà tó?' Fọwọ́ kan etí fìlà: 'Apá ibo ló wà?' Ó tán."

"Ṣùgbọ́n kò sí bààlù, Wal."

"Ká sọ pé wọ́n wà."

Marivic fọwọ́ kan àyà, ó la apá, ó fọwọ́ kan etí fìlà. Wal ní, "Rárá, la apá dáadáa, ṣé ẹja wẹ́wẹ́ lò ń wọ̀n ni?" Ó tún un ṣe. Alátakò rẹ̀ ló ń kọ́ yẹn o! Nígbà tó mọ̀ ọ́n tán, Wal pariwo sí ìdí pátákó pé kí wọ́n pa máàkì tó kẹ́yìn rẹ́, wọn ò ní kà á, àwọn á tún un yí. Bernie la ẹnu láti sọ ti òfin. Wal ní, "Jókòó, Bernie, bààlù ń kọjá."

Bí wọ́n ṣe parí ìdíje àṣekágbá ọdún náà nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ní kí wọ́n má sọ ọ́; ó kàn rí bẹ́ẹ̀. Àyà, apá, fìlà. Vern ń dáhùn, ọwọ́ rẹ̀ ń yára, ó dá a lójú, kò ṣi ẹyọ kan. Marivic dé ibi tí Wal wà, ó kọjá rẹ̀, Wal lé e bá. Ó ku bọ́ọ̀lù kan lọ́wọ́ Wal. Ó yí i. Ó lọ bí ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ, ó tẹ̀ sí òsì, ó rọra lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Marivic, ojú òkèèrè ò lè mọ èyí tó wà níwájú.

Wal Dutschke, tí kò dákẹ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, fọwọ́ kan àyà.

Vern kúnlẹ̀. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan koríko. Ó wò ó láti ọ̀tún, ó wò ó láti òsì. Ó mú okùn, fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ó wọ̀n ọ́n. Ó dìde, ó gbọn koríko kúrò lórúnkún, ó sì nawọ́ sí Wal.

Ariwo tí Wal pa, Vern ò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó rí i! Ó rí i tó gba ojú rẹ̀ lọ sí ọrùn, ó rí bí ẹyẹ ṣe fò kúrò lórí òpó. Marivic ló kọ́kọ́ dì mọ́ Wal. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Vern, ó fa aṣọ rẹ̀ wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n kó tó sọ̀rọ̀. "Kuya, ìyẹn tọ́. Mo rí okùn yẹn."

Lẹ́yìn náà, nídìí tíì, Bernie rọra fẹ̀gbẹ́ kan Dulcie. Vern jókòó sí iwájú wọn gan-an, ó rí ẹnu rẹ̀ kedere. "Ṣé Vern máa mu tíì?"

Ohun tí Vern ti ń bẹ̀rù ti dé nìyẹn.

Dulcie gbé ife kalẹ̀. "Bernie, ta ni mo dà bíi, agbẹnusọ? Ojú ẹ̀ rèé níwájú rẹ. Bi í."

Bernie gbẹ́sẹ̀ méjì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Vern, ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ gbé ìlẹ̀kùn mì. "VERN. TÍÌ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Má la ẹnu tó bẹ́ẹ̀, mò ń rí ohun tó o jẹ lówùúrọ̀."

Nídìí iná, Perce Quigley bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Vern gbé ife tíì rẹ̀, ó lọ bá a níbẹ̀, wọ́n jọ dúró kọjú sí ara wọn.

Ìgbà tí wọ́n délé, Dulcie kò bọ́ bàtà. Ó fa àga, ó jókòó sí ọ̀kánkán rẹ̀, orúnkún kan orúnkún. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà kẹ́tù."

"Kẹ́tù!" Ó gbá tábìlì. "Gbogbo ìgbà yìí, mò ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ló sú ẹ ni, Vern. Ṣé o mọ ohun tí mo rò?"

Kò mọ̀. Kò tiẹ̀ ro ìyẹn rí. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Kò sú mi rí."

Dulcie mí sínú, ó mí síta. Ó nu ojú. "Ọkọ̀ ojú omi ńkọ́? O ò gbọ́ ìyẹn?"

"Mi ò gbọ́."

"Ẹ̀dọ̀ yẹn náà?"

"Mi ò gbọ́."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í fà á lẹ́nu, ó ń gbìyànjú láti dá a dúró. "Gọ́tà etí òrùlé ẹ̀yìnkùlé yẹn ńkọ́, tó ti kún fún ewé, tí mo ti ń sọ fún ẹ láti ọdún kẹta kó o gun àkàbà lọ kó o?"

Ọ̀nà àbáyọ ṣí sílẹ̀ níwájú Vern, ó fẹ̀ bí ọ̀nà bààlù. Ó wò ó. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀.

"Ti gọ́tà yẹn," ó ní, "o máa ń kọjú sí mi nígbàkúùgbà tó o bá ń sọ ọ́. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀."

Aṣọ ìnuwọ́ ilé ìdáná tí Dulcie jù ló kọ́kọ́ bà á lórí. Vern ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó lọ gbé àkàbà.